Kí Ẹ Tó Pe Ọmọ Ọlọ́mọ Lólè, Ẹ Ṣí Bọ́nẹ́ẹ̀tì Ná

 

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ti àdúrà òru. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Ọ̀rọ̀ kábúrétọ̀ ni, pàápàá jù lọ wáyà ṣóòkù àti ọ̀pá tọ́rótù. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ ọ́ lọ́kàn pé, "Kí ló kan Pásítọ̀ kan kábúrétọ̀?" Ẹ fara balẹ̀, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí kò ní mọ́tò rárá gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Àwọn tó ti pẹ́ nínú ìjọ mọ̀ pé kí n tó gba ìpè, iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo kọ́ níhìn-ín ní Ọ̀wọ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi sin ọ̀gá mi kí n tó gba fírídọ́ọ̀mù. Bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ tó ń gbé Bíbélì yìí, ó ti gbé sípánà rí. N kò tijú rẹ̀. Àwọn àpọ́sítélì kan jẹ́ apẹja, ọ̀kan ń pa àgọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ kò ba ìpè jẹ́.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mọ́tò méjì ló kún ojú ọ̀nà wa ju gbogbo ìyókù lọ: Peugeot 504, àti Volkswagen tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá. Ọdún 1968 ni wọ́n gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tó di ọdún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to tiwa pọ̀ níbí, ní Kàdúná. Ọdún 1975 yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ṣí ní Èkó, lójú ọ̀nà Badagry. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i pé kò sí ìlú tí ẹ dé láti Ọ̀wọ̀ títí wọ inú Ọ̀sẹ̀, ní Ìfọ́n, ní Ìdóàní, ní Ìmọ̀rú, tí ẹ kò ní rí òkú 504 kan lẹ́yìn ilé ẹnì kan. Àwọn kan kò sì tíì kú. Wọ́n ṣì ń gbé gàrí, wọ́n ṣì ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ṣì ń gbé pákó.

Mọ́tò ayé òde òní kò ní ṣóòkù mọ́. Kọ̀ǹpútà ló ń wọn epo fún wọn. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ báyìí, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ki ẹ̀rọ bọ mọ́tò kó lè ka àìsàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbé 504 fún wọn, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tó rí bàbá ńlá rẹ̀ lójú àlá. Iṣẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́ wa. Mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan tí a ń rà tí kò tó igba náírà fò kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, ọ̀rọ̀ epo ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọkọ àti aya, láàárín ọ̀gá àti awakọ̀. Ó ti dé iwájú mi nínú ọ́fíìsì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹ́ńjìnnì kì í mu epo nìkan. Epo àti afẹ́fẹ́ ló ń mu pọ̀. Tí a bá gbé wọn sórí ìwọ̀n, afẹ́fẹ́ á tó ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún epo, tàbí kó dín díẹ̀. Kábúrétọ̀ ló ń po wọ́n pọ̀, bí ẹni ń ro ẹ̀bà. Omi pọ̀ jù, ẹ̀bà á rọ̀. Omi kò tó, á le.

Nínú ọ̀fun kábúrétọ̀ yẹn, àwo irin pẹlẹbẹ méjì ló wà, róbótó bíi owó kọ́bọ̀ àtijọ́. Ọ̀kan wà lápá ìsàlẹ̀. Ìyẹn ni tọ́rótù. Tí ẹ bá tẹ iná, á ṣí. Tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀, á padé, á ku ibi fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ́ńjìnnì á máa fi mí nígbà tí mọ́tò bá dúró. Mímí jẹ́jẹ́ yẹn ni àwa mẹkáníìkì ń pè ní sìlóò. Àwo kejì wà lókè. Ìyẹn ni ṣóòkù. Ní àárọ̀ ọyẹ́, tí irin tutù, epo kì í fẹ́ dà bí èéfín, á kàn lẹ̀ mọ́ ara irin. Nítorí náà ẹ ó fa ṣóòkù, àwo òkè yẹn á padé, afẹ́fẹ́ á dín, epo á pọ̀, ẹ́ńjìnnì á sì gbáná. Tí ara rẹ̀ bá ti móoru, ẹ ó ti ṣóòkù padà, àwo á dìde dúró gbọnrangandan, afẹ́fẹ́ á máa wọlé bó ṣe yẹ.

Ọlọ́gbọ́n tó ṣe é tún fi nǹkan kan sí i. Ọ̀pá kékeré kan so ṣóòkù mọ́ tọ́rótù. Tí ẹ bá fa ṣóòkù tán, ọ̀pá yẹn á ti tọ́rótù díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè máa sáré díẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi gbóná. Tí ẹ bá ti ṣóòkù padà, á jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Ẹ gbọ́ o. Ẹsẹ̀ yín kò kan àwo tọ́rótù. Ọwọ́ yín kò kan àwo ṣóòkù. Láàárín ẹsẹ̀ yín àti ẹ́ńjìnnì, wáyà wà níbẹ̀, ọ̀pá wà níbẹ̀, apá irin wà níbẹ̀, síkúrù wà níbẹ̀, sípíríǹgì wà níbẹ̀. Nínú Ìjàpá, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, wáyà tọ́rótù máa ń rin abẹ́ mọ́tò láti iwájú títí dé ẹ̀yìn kó tó jíṣẹ́. Ẹ lè pàṣẹ tó dára, kí ẹ́ńjìnnì náà sì dára, kí iṣẹ́ sì bàjẹ́ láàárín. Awakọ̀ lè ti ṣóòkù padà tọkàntọkàn, kí ó má padà. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn kò rí ìyẹn. Epo tó ń tán ló rí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìyá kan nínú ìjọ wa ń ṣòwò oúnjẹ. Ó ń kó gàrí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti apá Ìfọ́n wá sí Ọ̀wọ̀, ó ní 504 píkọ́ọ̀pù kan tí ọkọ rẹ̀ olóògbé fi sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan ló ń wà á fún un, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Kò ní bàbá láyé mọ́. Ó ti fẹ́ ìyàwó sọ́nà ní Ìfọ́n, wọ́n sì ti dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kalẹ̀.

Ìyá wọlé sí mi lẹ́yìn ìsìn àárín ọ̀sẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Pásítọ̀, àdúrà kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbà. Kí Ọlọ́run tú àṣírí olè tó wà lábẹ́ òrùlé mi."

Mo ní, "Mama, ẹ jókòó ná. Kí ni wọ́n jí?"

Ó ní epo ni. Ó ní lítà ogún tí wọ́n ń rà tẹ́lẹ̀, ó ń gbé mọ́tò lọ sí Ìfọ́n ó sì ń gbé e bọ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò lè parí ìrìn-àjò kejì mọ́ àyàfi tí wọ́n bá tún ra lítà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá kún un. Ó ní ọmọ náà ń fà á tà lójú ọ̀nà, lápá Elégbẹ̀ka. Ó ní ẹnì kan lọ́jà ló sọ fún òun pé báyìí làwọn awakọ̀ ń ṣe. Ó ti sọ fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà pé olè ni ọmọ náà. Tó bá di ọjọ́ Ajé, òun á fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Ẹ rò ó wò. Lágbègbè wa yìí, tí wọ́n bá ti pe awakọ̀ lólè, ta ló tún máa gbé mọ́tò fún un? Àna wo ló máa fún un ní ọmọ? Láti Ọ̀wọ̀ dé Ìfọ́n, ọ̀rọ̀ ń yára ju mọ́tò lọ. Kí ọjọ́ Ajé tó pé, ìròyìn á ti dé ilé àna rẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Mo ní kí wọ́n pe ọmọ náà wá. Ó dé, ó dọ̀bálẹ̀, omi wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Daddy, mi ò mú kọ́bọ̀ Mọ́mì. Ẹ bi mí níbi tó bá wù yín, sà."

N kò bi í bóyá ó jalè. Ta ló máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni? Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo bi í. Mo ní, "Nígbà wo ni epo bẹ̀rẹ̀ sí í tán kíákíá?" Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. "Kí ni ẹ ṣe sí mọ́tò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn?" Ó ní wáyà ṣóòkù já, mẹkáníìkì kan lójú ọ̀nà sì bá àwọn fi òmíràn sí i. "Ní àárọ̀, ṣé ó máa ń gbáná?" Ó ní, "Sà, kíákíá ni! Ẹ̀ẹ̀kan péré." "Tó bá gbóná ńkọ́?" Ó ní tó bá gbóná, sìlóò rẹ̀ máa ń gbọ̀n, á fẹ́ kú, nítorí náà mẹkáníìkì ti bá àwọn yí síkúrù sìlóò sókè kó má baà máa kú. "Sàlẹ́ńsà ńkọ́?" Ó ní dúdú ni, bí ìdí ìkòkò.

Mama ń wò mí. Ó ní, "Pásítọ̀, àdúrà ńkọ́?"

Mo ní, "Mama, a ti ń gbà á. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi mọ́tò."

A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kí ọmọ náà tú ẹ́à fílítà kúrò. Mo ní kó wọlé, kó ti ṣóòkù padà títí dé òpin. Ó tì í. Mo ní kí Mama wá wo inú ọ̀fun kábúrétọ̀ fúnra rẹ̀. Ṣóòkù inú mọ́tò ti padà tán pátápátá, kò sí ibi tí ọmọ náà tún lè tì í sí mọ́. Ṣùgbọ́n àwo inú kábúrétọ̀ kò dìde. Ó dùbúlẹ̀ ní ìdá mẹ́ta ọ̀nà, ó ń dí ọ̀fun afẹ́fẹ́. Ẹni tó fi wáyà tuntun yẹn sí i ti fún síkúrù mọ́ ọn nígbà tí ṣóòkù inú mọ́tò wà ní títì, ṣùgbọ́n kò kọ́kọ́ fi ọwọ́ gbé àwo náà dìde tán. Wáyà náà kúrú jù, tíńtín ló fi kúrú. Láti ọjọ́ yẹn, mọ́tò náà kò kúrò nínú ṣóòkù rí, ní àárọ̀, ní ọ̀sán, lójú oòrùn Ìfọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń mu epo àárọ̀ ọyẹ́.

Mo tú púlọ́ọ̀gì kan. Ó dúdú, ó gbẹ, bí èédú tí a lọ̀. Mo gbé e lé Mama lọ́wọ́. Mo ní, "Mama, olè tí ẹ ń wá nìyí. Epo yín kò dé Elégbẹ̀ka. Inú sàlẹ́ńsà ló gbà jáde."

Mo tú síkúrù tó di wáyà mú. Mo fi ìka gbé àwo náà dìde gbọnrangandan. Mo ní kí ọmọ náà fa ṣóòkù inú mọ́tò díẹ̀, bí ìbú ọ̀pá ìṣáná kan, kí àyè díẹ̀ lè wà lára wáyà. Mo wá fún síkúrù náà padà. A fà á, àwo padé. A tì í, àwo dìde. A tún fà á, a tún tì í.

Nígbà tí a ṣíná mọ́tò, ẹ́ńjìnnì ké! Ó ń pariwo bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú okùn ọrùn rẹ̀. Mama fò sẹ́yìn, ó ní a ti bà á jẹ́. Kò bàjẹ́. Ẹ rántí pé wọ́n ti yí síkúrù sìlóò sókè láti fi bo àìsàn àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí àìsàn kúrò, ohun tí wọ́n fi bò ó ló wá ń pariwo. A jẹ́ kí ara rẹ̀ móoru dáadáa, a yí síkúrù náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí mímí rẹ̀ fi rọ̀.

Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀. Ó kàn jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó fi ọwọ́ bojú.

Mama dúró fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sún mọ́ ọn, ó ní, "Ọmọ mi, má bínú. Dìde." Ó fà á lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí. Mo ní, "Mama, ó kù kan. Ibi tí ẹ ti dá a lẹ́bi, ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti dá a láre. Ọjà ni ẹ ti pè é lólè. Ẹ kò lè wá bẹ̀ ẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì níbí lójú èèyàn mẹ́ta." Kò rọrùn fún un. Ìyá àgbà ni, obìnrin tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Ṣùgbọ́n ó lọ. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó mú púlọ́ọ̀gì dúdú yẹn lọ́wọ́, ó fi han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ohun tó jẹ epo mi nìyí. Ọmọ yìí kò jalè." Mo bọ̀wọ̀ fún obìnrin náà títí di òní. Púpọ̀ nínú wa lè bẹ èèyàn ní ìkọ̀kọ̀. Èèyàn mélòó ló lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà ní gbangba?

Lítà ogún padà sí bó ṣe wà: lọ-bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ náà wáyé. Mo jẹ ìrẹsì níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ lọ ka Òwe orí 18, ẹsẹ 13 àti ẹsẹ 17 fúnra yín. Èmi kò sọ pé olè kò sí. Olè wà. Èmi kò sọ pé ká má gbàdúrà. Ìgbà tí mo ń bi ọmọ yẹn léèrè, àdúrà wà lẹ́nu mi. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ tó gbé orúkọ ẹnì kan dé iwájú Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà láàárín. Ẹ rán ọmọ níṣẹ́, kò jẹ́ bí ẹ ṣe fẹ́: ṣé ọmọ ló burú ni, àbí ẹni tó bá yín gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló gé e kù? Ọkọ fi owó ránṣẹ́, ìyàwó ní kò tó: ṣé ìyàwó ń fi pamọ́ ni, àbí iye ọjà ti yí padà? Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì adìẹ. Wáyà tó kúrú ní tíńtín fẹ́ sọ ọmọ èèyàn di ará àtìmọ́lé.

Ó yá, mo ṣèlérí pé màá kọ bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin tó ṣì ní mọ́tò àtijọ́, ẹ ṣe é báyìí, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó kú tó sì tutù:

Àkọ́kọ́, ẹ tú ẹ́à fílítà. Ẹ fa ṣóòkù tán: àwo òkè gbọ́dọ̀ padé. Ẹ tì í padà tán: ó gbọ́dọ̀ dìde tán. Tí kò bá dìde tán, wáyà ni kí ẹ tún ṣe. Ẹ má fọwọ́ kan síkúrù kankan mìíràn.

Ìkejì, kí ẹnì kan wọ inú mọ́tò kó tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ẹ̀yin máa wo tọ́rótù. Ó gbọ́dọ̀ ṣí tán. Tí kò bá ṣí tán, mọ́tò á máa rọ ní òkè, ẹ ó sì máa ní ẹ́ńjìnnì ti rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá kápẹ́ẹ̀tì ló ká sábẹ́ pẹ́dà. Mo ti rí ìyẹn rí.

Ìkẹta, kí ó gbẹ́sẹ̀. Tọ́rótù gbọ́dọ̀ padà fúnra rẹ̀, kíá, kó sì gbára lé síkúrù sìlóò. Tí wáyà bá le jù, òun ló ń gbé tọ́rótù dúró, ẹ lè yí síkúrù sìlóò títí di alẹ́, kò ní gbọ́ràn. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lára wáyà.

Ìkẹrin, ẹ mi ọ̀pá àti oríkèé wọn wò. Tí wọ́n bá ti jẹ, tí wọ́n ń mì jẹ̀kẹ̀jẹ̀kẹ̀, àtúnṣe òní kò ní dé ọ̀la. Ẹ kan ọ́ìlì díẹ̀ sí oríkèé tó gbẹ, ẹ pààrọ̀ èyí tó ti jẹ tán.

Ìkarùn-ún, ìgbà tí ìwọ̀nyí bá tó pé, tí ẹ́ńjìnnì sì ti gbóná, ni kí ẹ tó kan síkúrù sìlóò. Òun ló máa ń kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi í ṣáájú, ohun tó sì ń da kábúrétọ̀ rú nìyẹn.

Ẹ tún gbọ́ èyí, nítorí ẹ̀mí wà níbẹ̀. Tí sípíríǹgì tó ń dá tọ́rótù padà bá já, ẹ má fi rọ́bà túùbù so ó. Mo rí i lára mọ́tò tó ń kó èèyàn. Ooru ẹ́ńjìnnì á jẹ rọ́bà, á já, tọ́rótù á ṣí sílẹ̀, mọ́tò á sì máa sáré lọ lẹ́yìn tí ẹ ti gbẹ́sẹ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín lójú ọ̀nà, ẹ má pariwo. Ẹ tẹ kọ́lọ́ọ̀ṣì, ẹ yọ gíà sí fírí, ẹ tẹ búréékì dáadáa, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ wá pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò nígbà tí mọ́tò ṣì ń lọ, nítorí ọwọ́ mọ́tò lè há. Owó sípíríǹgì kò tó owó ìsìnkú.

Fún àwọn tọkọtaya, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un. Bàbá àgbà kan wà ní Ọ̀wọ̀ tó gbé mọ́tò eré ìdárayá kékeré kan bọ̀ láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, MGB, irú èyí tí wọ́n ṣe ní Abingdon láti 1962 títí di 1980. Apá ọ̀tún ni ọwọ́ ìtukọ̀ rẹ̀ wà, nítorí kí a tó yí padà ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, apá òsì ọ̀nà ni gbogbo wa ń gbà ní Nàìjíríà. Kábúrétọ̀ méjì ni mọ́tò yẹn ní, SU, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀pá kan ló so tọ́rótù àwọn méjèèjì pọ̀. Ọ̀gá mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tò ó. Ó ní kí n kọ́kọ́ tú ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀. Ó fún mi ní rọ́bà gígùn kan, ó ní kí n fi ẹnu rẹ̀ kan sí etí mi, kí n fi ìkejì sí ẹnu kábúrétọ̀ àkọ́kọ́, kí n gbọ́ bó ṣe ń fa afẹ́fẹ́, ṣíì. Lẹ́yìn náà kí n gbọ́ ti ìkejì. Kí n yí síkúrù ẹnì kọ̀ọ̀kan títí ohùn méjèèjì fi dọ́gba. Ìgbà yẹn ni kí n tó fún ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀. Bákan náà ni ṣóòkù wọn. Ti SU kò ní àwo lókè, ibi tí epo ń gbà jáde ni wáyà máa ń fà wálẹ̀ kí epo lè pọ̀. Méjèèjì gbọ́dọ̀ wálẹ̀ pọ̀, kí wọ́n sì padà pọ̀.

Tí ẹ bá so wọ́n pọ̀ kí ẹ tó gbọ́ ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan á máa fa ìkejì, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, ẹ kò sì ní mọ èyí tó jẹ̀bi. Tọkọtaya tó wá sọ́dọ̀ mi, mo máa ń gbọ́ ọkọ lọ́tọ̀, mo máa ń gbọ́ ìyàwó lọ́tọ̀, kí n tó pè wọ́n jókòó pọ̀. Inú ọgbà mẹkáníìkì ni mo ti kọ́ ìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní mọ́tò, jẹnẹrétọ̀ kékeré ilé yín náà ní ṣóòkù. Tó bá ti gbáná tí ara rẹ̀ sì móoru, ẹ dá ṣóòkù padà. Ẹ má jẹ́ kó wà níbẹ̀ mọ́jú. Epo tó pọ̀ jù a máa fọ ọ́ìlì kúrò lára irin inú rẹ̀, á sì jẹ ẹ́ńjìnnì kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Síta gbangba ni kí ẹ sì máa gbé e sí, kì í ṣe inú ilé, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn láìsí ariwo.

Lọ́sẹ̀ yìí, iṣẹ́ kan ni mo fún yín. Ẹ ronú ẹnì kan tí ẹ ti dá lẹ́bi lọ́kàn yín, tí ẹ kò tíì bi í ní ìbéèrè kan. Ẹ pè é. Ẹ má pè é láti bá a jà. Ẹ bi í pé, "Nígbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" Kí ẹ wá dákẹ́, kí ẹ gbọ́. Tí ẹ bá rí i pé kò jẹ̀bi, ẹ padà lọ sọ ọ́ níbi tí ẹ ti kọ́kọ́ sọ ọ́.

Mo gbà á ládùúrà: orúkọ rere yín kò ní bàjẹ́ nítorí ohun tí ẹ kò ṣe. Ọlọ́run yóò gbé ẹni tó máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì dìde fún yín kí ọjọ́ Ajé tó pé. Ẹ̀yin náà yóò sì jẹ́ ẹni bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn, ní orúkọ Jésù. Àmín.

Tí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ń bá awakọ̀ rẹ̀ jà lórí epo, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí i. Ẹni tó bá sì ní 504 tí kò gbáná ní àárọ̀ ọyẹ́, kó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀. Màá dáhùn lẹ́yìn ìsìn.